Ohun Tí Mo Sọ Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọdún méjì ni mo fi ju Àtàndá lọ. Ká ní òun ló jù mí lọ ni, "wọn" ni ǹ bá máa lò fún un, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn kì bá sì tí ṣẹlẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ìhà gbogbo, ibẹ̀ náà ni mo máa ń padà sí.

Abẹ́ páànù kan náà ni a ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbó-Elérin, ní Okokomaiko, láti oṣù kẹta ọdún 2004. Iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ tèmi, réwáyà ni wọ́n ń pè mí. Òun ni fọkanáísà: òun ló ń lẹ táyà tó bá jò, òun ló ń fún un ní afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó fi ń pọ afẹ́fẹ́, kọmpirẹ́sọ̀ rẹ̀, wà láàárín wa bí ẹnì kẹta. Àtàndá kì í sọ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á dúró tì í, á tẹ́tí sílẹ̀, á fi orúkọ pè mí láìwo ti ẹ̀gbọ́n, á ní, "Oyè, ó ń mí." Bó bá ń ṣe ségesège, á ní, "Kò mí dáadáa lónìí." Bó bá bàjẹ́ tí kò ní àtúnṣe mọ́, "Ó ti kú" ló máa sọ. Lẹ́nu rẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ó fẹ́ gbé jáàkì, ó sì jókòó lé e lórí, kò lè dìde mọ́. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni wọ́n dá a dúró sí ilé-ìwòsàn kan ní Òjó. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti wú, omi sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún 2013. Èmi ni mo ń lọ, èmi ni mo ń bọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá a pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú, ẹ̀rín ló fi kí mi.

"Oyè, wá wò mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi fún gbogbo Okokomaiko ní afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọdé wá fi rọ́bà sí mi nímú, wọ́n ń gééjì mi bíi táyà."

"Mélòó ni wọ́n fún ẹ?"

"Kò tíì tó ogún. Mo ṣì wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ."

A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní ká dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá di ọwọ́ mi mú.

"Bá mi pe Dámi."

Dámilárá ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì tó wà ní Iyànà-Ìbá nígbà tó pàdé olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé kan létí òkun, lọ́nà Àgbádárìgì. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀, Àtàndá ti sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá lẹ táyà pé ọmọ òun á di lọ́yà. Lọ́jọ́ ìdána, kò lọ. Abẹ́ páànù ló wà láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi ni mo lọ dúró bíi bàbá, nínú agbádá tí mo yá. Nítorí ìyẹn, oṣù mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ àga rẹ̀ àti àga mi kò jìnnà síra ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn nìyẹn. Láti ìgbà náà kò fojú kan ọmọ rẹ̀, kò sì gbóhùn rẹ̀.

Mo pè é. Mo jẹ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ fún un, ó sì fi orúkọ ọmọ mi pè mí bó ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá Ìyanu, ṣé àwọn ni wọ́n ní kí n wá, àbí ẹ̀yin lẹ ní kí n wá?"

"Òun ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Ẹ búra."

"Mo búra."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi rò ó. Ojoojúmọ́ ni Àtàndá ń bi mí. Nígbà tí ọmọ náà wá pè, ó ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àti pé abẹ́ páànù lọ́dọ̀ mi ni òun máa kọ́kọ́ yà, torí òun kò lè dá wọlé tọ bàbá òun. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti lóyún, sà. Ẹ má sọ fún wọn. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Dókítà Gbémisọ́lá Akínọlá gbé jíìpù wọn wá. Olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì, ọmọ Èkìtì. Wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ iyanrìn fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ rìn lórí iyanrìn, ó di dandan kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ kí ó lè fẹ̀ kó má baà rì. Bí wọ́n bá padà dé ojú títì, wọ́n á máa rọra wọ́ lórí táyà rírọ̀ títí wọ́n á fi rí fọkanáísà. Wọ́n wá ra kọmpirẹ́sọ̀ kékeré kan tí bátìrì ọkọ̀ lè gbé, wọ́n fẹ́ kí n dè é mọ́ inú jíìpù náà, kí wọ́n lè máa fún táyà ní afẹ́fẹ́ níbikíbi.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọ fún Àtàndá.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa iṣẹ́ wa," ó ní. "Bí ọkọ̀ bá ti ń gbé fọkanáísà ara rẹ̀ kiri, kí la ó jẹ?" Ó sinmi kó tó lè sọ èyí tó kù. "Gbọ́, Oyè. Má gbé e síbi tó gbóná. Afẹ́fẹ́ tútù ni kó máa fà. Bó bá ń fa ooru, kò ní pẹ́ kú."

"Mo gbọ́."

"Ìwọ kì í gbọ́. Ọjọ́bọ̀ ni Dámi ń bọ̀, àbí?"

"Ọjọ́bọ̀ ni."

"Bá mi mú abẹ wá lọ́la. Mi ò fẹ́ kó bá mi pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí."

Mo mú abẹ lọ ní Ọjọ́rú. Nọ́ọ̀sì ló fá a fún un.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ ní Ọjọ́rú yẹn, mo ti ṣe ohun tó ní kí n má ṣe. Àyè tó ṣófo jù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù náà wà nítòsí páìpù èéfín. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì há. Bí mo bá fẹ́ lo ibẹ̀, màá ní láti tú àpótí fíúsì kúrò, kí n gé irin, kí n rọ ìdè mìíràn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan sí i ni, mo sì fẹ́ kí ọwọ́ mi dilẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ nítorí Dámilárá. Mo ní màá fi páànù pẹlẹbẹ kan dínà ooru. Ibẹ̀ ni mo dè é sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀, mo tan ọkọ̀, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, mo wá tẹ kọmpirẹ́sọ̀ náà. Ó mí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méje. Lẹ́yìn náà ni ó kígbe tín-ín-rín, òórùn wáyà jíjó jáde, ó dákẹ́. Mo tú u. Inú rẹ̀ ti jó dúdú. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀, kò dáhùn.

Ni mo bá pe Dókítà. Mo tẹ orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń jó irin lẹ́yìn wa ń ké, nítorí náà mò ń pariwo. Èyí ni ohun tí mo sọ, mo rántí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan:

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ó ti kú o."

Wọ́n ní kí ni mo wí.

"Mo ní ó ti kú. Láàárọ̀ yìí ni. Ó mí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó bá dákẹ́."

Wọ́n bi mí bóyá a lè ṣe nǹkan kan sí i.

"Rárá, mà. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo lè ṣe, kò lè mí mọ́. Ẹ̀bi mi ni. Àtàndá ti sọ ọ́ fún mi kó tó di báyìí. Ẹ ṣáà máa bọ̀, ká jọ mọ bá a ṣe máa ṣe é."

Mo pa fóònù. N kò wẹ̀yìn. Mo ń tú bóòtù tí mo fi dè é.

Agogo méjìlá ń lù nígbà tí Mùsítúrà, tó ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní iwájú wa, yà wá sọ́dọ̀ mi. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó débẹ̀.

"Bàbá Ìyanu, kí lẹ ṣe fún sisí yẹn?"

"Sisí wo?"

"Èyí tó lóyún, tó gbé báàgì búlúù. Ó dúró lẹ́yìn yín níbí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń fóònù. Mo ní, 'Àǹtí, ẹ jókòó,' kò dá mi lóhùn. Ó kàn fi ọwọ́ bo ẹnu ni, ó yí padà. Mo ní àbí kọ́sítọ́mà tẹ́ ẹ ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ni. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú ń pariwo pé ẹ̀bi yín ni."

Spánà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo tún gbogbo ohun tí mo sọ fún Dókítà sọ fún ara mi, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì fi etí Dámilárá gbọ́ ọ. Ká ní Àtàndá jù mí lọ, "wọ́n ti kú" ni ọmọ náà ìbá máa retí lẹ́nu mi, "ó ti kú" kì bá sì kàn án. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Láti kékeré rẹ̀ ló ti ń gbọ́ tí mò ń sọ pé "ó" bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. "Ó" ni bàbá rẹ̀ lẹ́nu mi, "ó" náà sì ni kọmpirẹ́sọ̀.

Mo rìn dé Iyànà-Ìbá pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì mi tí jáàkì já lé lọ́dún 2011. Mo wo gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà Àgbádárìgì. N kò rí i. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún lọ́jọ́ náà, fóònù rẹ̀ kò lọ; nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé wọn kì í dúró nígbà òjò.

Nígbà tí Dókítà dé ní ọ̀sán, mo ṣàlàyé. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n nù ún ju bó ṣe yẹ lọ.

"Abúlé wo ni?"

Mo dárúkọ rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí, mà."

"Pẹ̀lú kí ni, Bàbá Ìyanu? Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe tú ọkọ̀ sílẹ̀. Ọlọ́kadà kò sì ní wọ ibẹ̀ nínú òjò yìí, kìlómítà mọ́kànlá gbáko. Mo ní ìdánwò láti bójú tó lọ́la. Ẹ parí rẹ̀ lọ́la, ká lọ ní ìdájí Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ni màá wà wá."

Ní Ọjọ́ Ẹtì, mo ṣe é bí Àtàndá ṣe wí. Mo tú àpótí fíúsì, mo gé irin, mo rọ ìdè, mo gbé kọmpirẹ́sọ̀ tuntun tí mo rà dípò èyí tó jó sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì níbi tí atẹ́gùn iwájú ọkọ̀ ti ń fẹ́ sí i. Mo fa wáyà tó nípọn láti bátìrì, mo fi fíúsì sí ìdí rẹ̀, mo gbé bọ́tìnì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìwakọ̀. Mo fi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìdè rọ́bà rẹ̀ bí Àtàndá ṣe máa ń ṣe, mo wò ó bóyá ọṣẹ náà ń hó. Kò jò. Mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo gbé ọwọ́ lé e, kò gbóná ju ara ọmọdé lọ.

Mo gba ilé-ìwòsàn lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Irùngbọ̀n rẹ̀ tún ti fẹ́ máa hù. Ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé, ó sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo wọlé, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ṣé ìwọ nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni. Ọ̀la ni mo máa lọ mú un wá."

"Ọjọ́bọ̀ lo wí."

"Ojú ọ̀nà ni kò dáa. Òjò."

N kò lè sọ ọ́ fún un. Ó dijú, mo rò pé ó ti sùn.

"Iṣẹ́ ńkọ́? Ibo lo gbé e sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ bátìrì."

"Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí dáadáa."

"Ó dáa," ó ní. "Ọ̀la, bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọlé. Ìwọ dúró síta."

Agogo mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta la gbéra. Ibi tí títì parí sí, mo bọ́ sílẹ̀, mo tú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti márùndínlógójì wá sí méjìdínlógún lórí gééjì. Jíìpù náà wọ iyanrìn. Ó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án lù nígbà tí a dé ilé ọkọ Dámilárá.

Dámilárá jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti tú irun rẹ̀. Aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ aláṣọ funfun méjì sì jókòó tì í. Wọ́n ti ń gbàdúrà fún bàbá rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Ìyanu, ẹ má bínú. Mo dé ibẹ̀. Mo gbọ́. Mi ò lè dúró kẹ́ ẹ tún wá fi ojú kojú sọ fún mi pé mo pẹ́."

"Dìde, ọmọ mi. Bàbá rẹ wà láàyè."

Ó wò mí.

"Kọmpirẹ́sọ̀ ló kú. Kọmpirẹ́sọ̀ inú jíìpù yìí ni mò ń sọ fún Dókítà. Àná ni mo fi bàbá rẹ sílẹ̀, ó ń bèèrè rẹ. Ó fá irùngbọ̀n dè ọ́."

Ẹkún ló kọ́kọ́ bú sí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dé, kò sì lè dá a dúró. Ó ń lu ara rẹ̀ nítan, ó ń wí pé, "Kọmpirẹ́sọ̀! Mo tú irun nítorí kọmpirẹ́sọ̀!" Àwọn ìyá ìjọ ń pariwo halelúyà. Ó sáré wọlé, ó bọ́ aṣọ dúdú, ó bọ́jú, ó fi ìborùn di irun, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó ti há nítorí oyún. Mo rántí pé mo wo aago: mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ń rò ó pé bí a bá tètè kúrò, a ó débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ní gbogbo ọ̀nà lórí iyanrìn, ó ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá bàbá òun á fi ọwọ́ kan ikùn òun. Mo ní á fi kàn án. Ó ní bó bá jẹ́ ọkùnrin, òun á jẹ́ kí bàbá òun sọ ọ́ lórúkọ.

A dé etí títì, a dúró. Dókítà tẹ bọ́tìnì. Mo fa rọ́bà jáde, mo bẹ̀rẹ̀ láti táyà ọwọ́ òsì ẹ̀yìn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Dámilárá bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà ní ṣíṣí.

"Ṣé èyí lẹ ní ó kú?"

"Àbúrò rẹ̀ ni."

"Ó ń mí," ó ní, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wí i gẹ́lẹ́, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Mo ti ṣe táyà kẹta tán nígbà tí fóònù mi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó gbọ̀n lápò mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra. Nọ́ḿbà kan náà ni gbogbo rẹ̀, nọ́ḿbà ilé-ìwòsàn. Mo rìn lọ sí ẹ̀yìn jíìpù, mo pè wọ́n padà. Nọ́ọ̀sì tó fá irùngbọ̀n rẹ̀ ló gbé e. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní àwọn ti ń wá mi. Mo bi í ní aago mélòó.

"Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sà."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mú kí ọmọ náà sunkún bàbá rẹ̀ tó wà láàyè. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo mú kó rẹ́rìn-ín nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kú.

Mo padà síwájú. Dókítà rí ojú mi, wọ́n pa kọmpirẹ́sọ̀ náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ló mú kí Dámilárá yíjú.

"Ó ti tó ni?"

"Dámi."

"Sà."

Láti ọdún 2004 n kò lo "wọn" fún Àtàndá rí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi kọ̀ láti pe "ó".

"Wọ́n ti lọ."

Ó wo títì sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì, bí ẹni pé àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀.

"Àwọn wo?"

Ó wo fóònù lọ́wọ́ mi. Mo rí i bó ṣe ń yé e, mo sì rí i bó ṣe ń kọ̀ ọ́. Ó na ọwọ́, ó fi gbá etí bọ́nẹ́ẹ̀tì mú.

"Bàbá Ìyanu, lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ kò dárúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, ẹ ní ẹ̀rọ."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ."

"Ẹ dárúkọ, sà."

"Àtàndá ni," mo ní. "Àtàndá, bàbá rẹ, ló kú. Láàárọ̀ yìí."

Ó jókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí etí títì, ní ibi tí iyanrìn àti ọ̀dà ti pàdé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn. Dókítà jókòó tì í, wọ́n gbá a mọ́ra. N kò lè sún mọ́ wọn.

Táyà kan ló ṣẹ́ kù, ọwọ́ ọ̀tún iwájú. Ọ̀nà Òjó ṣì jìnnà, ọmọ náà sì ní láti rí i kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì náà fúnra mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ẹnu rọ́bà sí táyà, mo sì dúró dè é títí ó fi pé márùndínlógójì.